Fíìmù Tí A Kọ Nǹkan Nípa Rẹ̀ Láì Tíì Wò Ó

Àwa mẹ́rin la jẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí, a ò sì ní dárúkọ ẹnì kankan, torí pé àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la jọ jókòó ti kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lóru ọjọ́ náà. Ní sáà tó kọjá, olùkọ́ wa pín iṣẹ́ sẹ́mínà lórí fíìmù Yorùbá. Àwọn ẹgbẹ́ kan mú fíìmù ayé òde òní tó wà lórí Netflix, wọ́n jókòó, wọ́n wò ó, wọ́n jẹ gúgúrú sí i. Àwa ní tiwa fẹ́ ṣe bí ọ̀mọ̀wé. A mú Àjàní Ògún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jáde yóò rántí orúkọ yẹn nínú ìwé àkọsílẹ̀ kíláàsì. Ọlá Balógun ló darí rẹ̀ ní 1976. Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, bàbá Kúnlé Afọláyan, ni olú ẹ̀dá-ìtàn, Dúró Ládípọ̀ náà sì wà níbẹ̀, ọdún méjì péré kó tó di pé ó papò dà. Òun ni wọ́n máa ń kà sí sinimá gígùn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi èdè Yorùbá ṣe. Ó wá bọ́ sí ọdún kan náà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ tí Abẹ́òkúta di olú-ìlú. A rò pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún kọ. Ó dùn ún kọ lóòótọ́, àmọ́ a ò rí fíìmù wò.

A wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí dátà fi tán. A béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta káséẹ̀tì àti síídì nígbà kan ní Kútọ̀, ọ̀kan nínú wọn ní òun ní in, ó kó wa lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó sì fún wa ní fíìmù mìíràn pátápátá tí orúkọ Ògún wà nínú rẹ̀. A san owó rẹ̀. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì ká gbé iṣẹ́ sílẹ̀, a ṣe ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe. A kó ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ nípa rẹ̀ jọ: pé ọ̀dọ́mọkùnrin ọdẹ kan ń bá olóṣèlú oníwà ìbàjẹ́ jà lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tó ti kú, pé orin pọ̀ nínú rẹ̀. A wá fẹ ìyẹn lójú di ojú ìwé mọ́kànlá. A yin ìlò òwe inú fíìmù náà. A yin bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tàn sójú àwọn òṣèré. Ẹnì kan nínú wa tilẹ̀ kọ gbólóhùn kan nípa "ìdákẹ́jẹ́ tó kún fún ìtumọ̀". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ tí a dúró níwájú kíláàsì, olùkọ́ wa gbọ́ gbogbo rẹ̀ títí dé òpin. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ pa ọ̀kan fún mi nínú àwọn òwe yẹn." Kẹ́kẹ́ pa mọ́ àwa tí à ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ lẹ́nu. Ọ̀kan nínú wa gbìyànjú, ó pa òwe kan tí gbogbo wa mọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n ní, "Ta ni nínú yín ló wo fíìmù yìí?" A wolẹ̀. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àwọn fún wa, ká tún un kọ tàbí ká gba òdo, pé kí a má sì kọ ohun tí ojú tàbí etí wa ò bá gbọ́ tàbí rí mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà dùn wá gan-an, torí a mọ̀ pé a jẹ̀bi, síbẹ̀ a ń bínú. Níbo ni wọ́n ti fẹ́ ká rí i?

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀rẹ́ wa kan tó ń ka Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi fíìmù kan hàn wá lórí fóònù, fíìmù àwọn Gẹ̀ẹ́sì láyé 1970 sí 1979, The Wicker Man, tí Robin Hardy darí ní 1973. Ọlọ́pàá kan tó jẹ́ onígbàgbọ́ tòótọ́ wọ erékùṣù kan ní Scotland, ó ń wá ọmọbìnrin kan tí wọ́n ní ó sọnù. Ó bá àwọn ará ìlú lórí ẹ̀sìn ìbílẹ̀ wọn: orin, ijó, oko tí kò so dáadáa lọ́dún tó kọjá. Ojú tí àwọn míṣọ́nnárì fi wo àwọn bàbá ńlá wa ní Abẹ́òkúta nílé-lóko ni ọlọ́pàá yìí fi ń wo gbogbo wọn. Nígbẹ̀yìn, òun gan-an ni wọ́n fi rúbọ, wọ́n sun ún mọ́nú ère ńlá tí wọ́n fi igi hun. Ìjà ṣẹlẹ̀ láàárín wa lórí rẹ̀ di aago méjì òru. Ẹnì kan ní ó dára ju gbogbo fíìmù tí òun ti wò lọ. Ẹnì kejì ní babaláwo wo ló ka ẹbọ yẹn, odù wo ló sì jáde? Pé ẹni tó kọ ìtàn náà kò mọ̀ pé ẹbọ ní ìbéèrè nínú kí ó tó ní iná. Àwa ò tíì parí ìjà yẹn.

Ṣùgbọ́n ìtàn fíìmù náà fúnra rẹ̀ ló gbà wá lọ́kàn ju ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ tó ni ín gé e kúrú kí wọ́n tó gbé e jáde. Àwọn ìṣẹ́jú tí wọ́n gé kúrò sọnù, títí dé orí àhesọ pé wọ́n dà wọ́n sínú kòtò tí wọ́n ń fi ṣe ojú ọ̀nà márosẹ̀ M3. Ogójì ọdún gbáko ni àwọn èèyàn fi ń wá ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn. Ní 2013 wọ́n rí ẹ̀dà kan tó gùn ju èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde lọ ní ibi ìpamọ́ fíìmù Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, wọ́n tún un ṣe, wọ́n gbé e padà sí sinimá. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n ń wá o. Àwa ń wá odidi fíìmù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá kan Lọ́ńdọ̀nù nìyí. Ní ayé 1976, fíìmù kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi fóònù yà. Róòlù ni, wọ́n sì ní láti fọ̀ ọ́ nínú kẹ́míkà kí àwòrán tó hàn. Kò sí ibi tí wọ́n ti lè ṣe ti fíìmù ńlá bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa. Òkè òkun ni wọ́n ń kó wọn lọ, Lọ́ńdọ̀nù ní pàtàkì, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń tẹ ẹ̀dà tí wọ́n ń gbé wálé. Ohun tí wọ́n fi ń tẹ ẹ̀dà, ìyẹn róòlù àkọ́yà, máa ń wà lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ yẹn níbẹ̀. Ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan gbówó lórí, nítorí náà díẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀. Àwọn tó ṣe fíìmù á gbé e sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ àti jẹnẹ́rétọ̀, wọ́n á máa gbé e láti ìlú dé ìlú bí àwọn Alárìnjó ṣe ń gbé eré kiri. Bẹ́ẹ̀ náà ni Hubert Ògúndé, ọmọ Ọ̀ṣọ̀sà nínú ìpínlẹ̀ wa níbí, ṣe nígbà tó gbé Aiye dé. Eruku ojú ọ̀nà, ooru ẹ̀rọ, ọwọ́ ẹni tó ń ti róòlù bọnú ẹ̀rọ: gbogbo rẹ̀ ló ń ha fíìmù. Ẹ̀dà náà á máa gbó bí aṣọ tí èèyàn ń wọ lójoojúmọ́.

Àwa Ẹ̀gbá kì í sì ṣe àlejò níbi ọ̀rọ̀ àwòrán wa lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1904, nígbà tí Aláké Gbádébọ̀ Kìíní lọ sí ìlú ọba láti kí Ọba Edward Keje, wọ́n ya ìrìnàjò náà, wọ́n sì gbé àwòrán tó ń rìn náà hàn ní Glover Hall ní Èkó. Àwọn èèyàn rọ́ lọ láti wo Aláké lórí aṣọ funfun. Owó ni wọ́n san láti wo ọba tiwọn.

Ká má parọ́, ohun kan tù wá nínú. Ní 1976 kan náà ni Adamu Halilu ṣe Shaihu Umar lédè Haúsá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi gbà pé ó ti sọnù. Ní 2016 wọ́n rí i níbi ìpamọ́ ìjọba ní Jos, wọ́n tún un ṣe ní Jámánì, wọ́n sì fi hàn ní àjọ̀dún fíìmù Berlin ní 2018. Nítorí náà, ohun tí kò sí lójú kò tíì kúrò láyé.

Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni olùkọ́ fún wa, a ò sì ní owó ọkọ̀ Berlin. A ní etí. A pinnu láti wá ẹni tó wo fíìmù náà nígbà tó jáde.

Ọ̀kan nínú wa ní ìyá àgbà kan, àbúrò ìyá-ìyá rẹ̀, tó ta àdìrẹ ní Ìtòkú títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kọ̀. A lọ kí wọn lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú búrẹ́dì àti mílíìkì. A kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, a sọ ohun tá a wá ṣe. Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń nu ojú. "Fíìmù? Ẹ̀yin ọmọ yìí, wọ́n ń kọ́ yín ní fíìmù nílé ìwé?"

Gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ni wọ́n ti wò ó, láàárín ìlú. Wọ́n fi aṣọ funfun bo ògiri. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń dẹnu kọ wọ́n ló san owó, òun náà ló sì padà fẹ́ wọn, òun ni bàbá tí fọ́tò wọn wà lára ògiri lẹ́yìn ibi tí wọ́n jókòó sí. Ariwo ẹ̀rọ pọ̀ débi pé ẹni tó wà lẹ́yìn ò gbọ́ nǹkan kan, àwọn tó wà níwájú ló ń sọ ọ̀rọ̀ fíìmù fún wọn sẹ́yìn. Róòlù já lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ilé sú ìfé. Èyí ni wọ́n kọ́kọ́ sọ, a sì rò pé bóyá ìyẹn náà ni gbogbo ohun tí wọ́n rántí.

A bi wọ́n nípa olóṣèlú tó gba ilẹ̀. Ojú wọn yí padà.

"Ilẹ̀ bàbá wa ti ń lọ lásìkò yẹn," ni wọ́n wí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ Abẹ́òkúta di olú-ìlú, ilẹ̀ di wúrà. Ẹnì kan tó lẹ́nu nílùú ti wọn òpó sínú oko wọn, ó ní òun ti rà á lọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí. Bàbá wọn ń lọ sí kóòtù, ó ń padà wálé pẹ̀lú fáìlì lábíyá. Nígbà tí olóṣèlú inú fíìmù yọjú, màmá ní àwọn ò mọ ìgbà tí àwọn dìde. "Mo pariwo olè! Mo rò pé èmi nìkan ni. Gbogbo gbọ̀ngàn ló ń pariwo olè." Ọkọ wọn lọ́la di wọ́n lọ́wọ́ mú kí wọ́n jókòó. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1978, ìjọba ológun gbé òfin ilẹ̀ jáde, ó fi ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà. Bàbá wọn kú kí ẹjọ́ tó parí. Ilé alájà mẹ́ta wà lórí oko náà lónìí.

Wọ́n kọ orin kan fún wa tí wọ́n ní ó wà nínú fíìmù náà. Ohùn rẹ̀ pé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò pé. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti sọnù, wọ́n ń fi "ìn-ìn-ìn" dí i. A gbà á sílẹ̀ sórí fóònù.

Lọ́sẹ̀ kejì a rí bàbá kan ní Lafẹ́nwá, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì. Bàbá wo fíìmù náà lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún wa bí ẹni ń ka ìwé. Àmọ́ bí wọ́n ṣe sọ pé ó parí kò bá ti màmá mu rárá. A padà sí Ìtòkú, a sọ fún màmá. Wọ́n ní, "Bàbá yẹn sùn ni." A lọ sọ fún bàbá. Bàbá ní obìnrin tí ẹni tó ń fẹ́ ẹ jókòó tì, ṣé fíìmù ló ń wò?

Iṣẹ́ tuntun tá a gbé sílẹ̀ kò sọ nǹkan kan nípa ìmọ́lẹ̀ lójú òṣèré. Ohun tí àwọn méjèèjì sọ la kọ, pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti takora, a sì fi ọ̀rọ̀ sí i nípa bí àwọn òǹwòran ṣe ń dá sí eré gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe níwájú Alárìnjó. Ojú ìwé mẹ́fà. Olùkọ́ fún wa ní máàkì tó dáa díẹ̀, wọ́n fi báírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ gbé orin náà wá kí n gbọ́."

Ọ̀rọ̀ ò tíì tán. A ti kọ lẹ́tà sí ibi ìpamọ́ méjì, ọ̀kan nílé, ọ̀kan lókè òkun, ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ́ ẹ sì ń ka bùlọ́ọ̀gù yìí, tẹ́ ẹ bá mọ ẹni tó mọ ẹni, ẹ jọ̀wọ́. Awọ ti ń bo ojú ọ̀tún màmá, dókítà ní kí wọ́n má jẹ́ kó pẹ́ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ. Wọ́n gba nọ́ńbà gbogbo wa lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, ọ̀kan nínú fóònù wa á dún. Wọn kì í tiẹ̀ kí èèyàn tán.

"Ẹ ti rí i?"

"Rárá o, ẹ̀yin màmá. A ṣì ń wá a."

"Ẹ tètè o."