Ọ̀dà Tó Dúró Sára Ògiri

Láti ìgbà tí wọ́n ti kun yàrá wa ni ohun kan ti ń jẹ mí lọ́kàn. Bí búrọ́ọ̀ṣì bá wà lórí ọ̀dà, ọ̀dà á máa ṣàn. Bí akunlé bá gbé ọwọ́ kúrò, á lẹ̀ mọ́ ògiri, kò ní kán sílẹ̀. Kí ló dá a dúró?

Nínú ìwé tí Isaac Newton gbé jáde ní 1687, bí a bá fi ìlọ́po méjì agbára ti ohun olómi, ìlọ́po méjì ni eré rẹ̀ yóò jẹ́. Omi gbà. Ọ̀dà kọ̀. Eugene Bingham, olùkọ́ ní Lafayette College ní Pennsylvania, ló fi yé wa ní 1919 pé ọ̀dà ní ìwọ̀n agbára kan tí a gbọ́dọ̀ rékọjá kó tó lè mira rárá. Ìwúwo rẹ̀ lára ògiri kò tó bẹ́ẹ̀. Ó tẹ́ mi lọ́rùn, àfi ìgbà tí mo ka ohun tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Barnes àti Walters, kọ ní 1985: ìwọ̀n yẹn lè má sí rárá, ẹ̀rọ tó lè rí ìrìn tó falẹ̀ jù ni a kò ní. Ṣé ọ̀dà dúró ni, àbí sùúrù wa ni kò tó?

Ibi tí mo ti ń rò ó ni ewédú ìyá mi ti já lu ọ̀rọ̀ náà. Bó bá gbé ìjábẹ̀ sókè, ewédú á fà tẹ̀lé e bí okùn; bí okùn náà bá já, apá òkè á sáré sún padà. Ó ti tọ́jú díẹ̀ nínú agbára ọwọ́ ìyá mi, ó sì dá a padà. Ìyókù ti di ooru, kò sì sẹ́ni tó lè gbà á padà lódindi.

Ibẹ̀ ni ìbéèrè mi ti yí padà: kí ni ohun olómi pa mọ́, kí ló sọ di ooru? Ní 1963, àwọn onímọ̀ méjì mìíràn, Coleman àti Noll, fi èyí ṣe òṣùwọ̀n: ìlànà ìṣirò yòówù tó bá sọ pé agbára tó jáde ju èyí tó wọlé lọ, kí a dà á nù, ì báà bá gbogbo àmì orí pépà mu.

Ìlànà Bingham yege nínú ìdánwò yìí. Ti àwọn tó ní ọ̀dà ń rá pálá náà yege. Ooru kò lè dá ẹjọ́ wọn. Ní ti ọ̀dà, mo wà lẹ́yìn Bingham, torí yóò ti gbẹ kí ìrìn yẹn tó hàn. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga epo kì í gbẹ. Bí ẹ̀rọ bá sinmi, òun ló gbọ́dọ̀ gbé àfọ́kù òkúta dúró, ìrìn tí ojú kò rí sì lè mú kí wọ́n rì sísàlẹ̀ kí iṣẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀.