Nígbà Tí Iná Lọ ní Ìlú Òyìnbó

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ̀yin òbí wa, ní agbègbè tiwa, láti Mowé dé Ìbàfò, títí dé Ifọ̀ lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, kò sí ẹni tí a ń ṣàlàyé àìsí iná fún. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kò tíì là tán pàápàá mọ ìgbà tí a ń pariwo "Up NEPA!", bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 2005 ni orúkọ yẹn ti kúrò lára ilé-iṣẹ́ náà. Bí iná bá lọ, a ó ní "wọ́n ti mú un lọ". Bí ó bá dé, a ó ní "wọ́n ti mú un dé". Ilẹ̀ òkèèrè ni a ti rí ẹni tó bi wá léèrè ohun tí gbólóhùn yìí túmọ̀ sí.

Ní ọdún 2003, àwa olùkọ́ mẹ́ta lọ sí ìlú New York nígbà ọlidé, láti kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀ ní kéwú àti èdè àwọn baba wọn. Ọ̀kan nínú wa jẹ́ ará Ifọ̀, ọ̀kan jẹ́ ará Mowé, ẹ̀kẹta sì wá láti Ìbàfò. Àjà kẹta ilé gíga kan ní Bronx ni a ti ń kọ́ wọn. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ, ní nǹkan bí aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ìrọ̀lẹ́, a ń kọ́ wọn bí a ti ń kí àgbà. Ọmọkùnrin kan wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí fáànù dákẹ́. Àwọn ọmọ lọgun. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ojú ara wa, a rẹ́rìn-ín. A ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, wọn ó mú un dé láìpẹ́." Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan gbójú sókè, ó ní, "Ààfáà, àwọn wo ni 'wọn'?"

A kò rí èsì fún un, nítorí ariwo ti sọ níta. Iná tó ń darí ọkọ̀ ní oríta ti kú, ọkọ̀ sì dì mọ́ ara wọn. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ dúró pẹ̀lú àwọn èrò nínú. Tẹlifóònù kò lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ohun tó bà wá lẹ́rù ju èyí lọ ni ojú àwọn ènìyàn. Ó ku díẹ̀ kí ó pé ọdún méjì tí wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú wó ilé gíga méjì nílùú náà, ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001. Olúkúlùkù ń bi ara rẹ̀ pé, ta ló tún dé yìí? Ọmọ mọ́kànlá ló wà lọ́wọ́ wa, mẹ́fà nínú wọn jẹ́ obìnrin tó wọ hìjáàbù. Àwọn àgbà nínú wọn fẹ́ fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. A fi ohùn ṣọ̀kan pé ọmọ kankan kò ní jáde láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ wá mú un.

Bàbá òyìnbó àgbàlagbà kan ń gbé ní àjà kẹjọ ilé náà. Láti ọjọ́ tí a ti dé, bí a bá kí i, kì í dáhùn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú rédíò oníbátìrì lórí itan. A kí i gẹ́gẹ́ bí iṣe wa. Ó wò wá, ó wo àwọn ọmọ, ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó gbé ohùn rédíò náà sókè. Olórí ìlú, Michael Bloomberg, ló ń sọ̀rọ̀, tó ní kò sí àmì pé iṣẹ́ ọ̀tá ni. Bàbá náà ní, "Ẹ gbọ́ bí?" Ọkàn wa balẹ̀; a rí i pé ọkàn tirẹ̀ náà balẹ̀.

Nígbà náà ló sọ fún wa pé ẹsẹ̀ ń dun ìyàwó òun, kò lè sọ̀kalẹ̀, omi kò sì sí lókè mọ́. Iná ló ń ti omi lọ sí àwọn àjà òkè. Ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ nìkan ló ṣì ń yọ omi. Ará Ifọ̀ inú wa kò bèèrè ohun mìíràn ju korobá lọ. Ó ká aṣọ ìnura, ó fi ṣe òṣùká, ó gbé omi karí, ó ń gun àtẹ̀gùn inú òkùnkùn, bàbá ń tan tọ́ọ̀ṣì níwájú. Àwọn ọmọ wa tẹ̀lé e pẹ̀lú ìgò omi, wọ́n ń ka àtẹ̀gùn ní Yorùbá: oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni a lọ, tí a bọ̀. Ìyá àgbà náà kó gbogbo áísìkiriìmù tó ti ń yọ́ nínú fíríìjì rẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Nígbà tí òòrùn wọ̀, a kí Mọ̀gáríbì nínú òkùnkùn. Lẹ́yìn náà a ru wọ́n lọ sí òkè pátápátá. Òṣùpá yọ, ìràwọ̀ sì hàn lójú ọ̀run New York. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí irú rẹ̀ rí. Àwọn òbí ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹsẹ̀. Ìyá tó dé kẹ́yìn ti ń rìn láti aago márùn-ún, láti ìsàlẹ̀ Manhattan. Ó ku díẹ̀ kí ó di ọ̀gànjọ́ nígbà tó wọlé, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́. Ó bá ọmọ rẹ̀ lórí ẹní wa, ó ń sùn. Ó jókòó tì í, kò lè sọ̀rọ̀.

Alẹ́ ọjọ́ kejì ni iná tó padà sí gbogbo ìlú náà. Nǹkan bí àádọ́ta mílíọ̀nù ènìyàn ni ọ̀ràn náà kàn, ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ ní Amẹ́ríkà àti ní Ontario ní Kánádà. Ìjọba orílẹ̀-èdè méjèèjì gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, ìgbìmọ̀ náà sì jábọ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2004. Ní Ohio, okùn iná kan igi tí wọn kò gé. Kọ̀ǹpútà tó yẹ kó kìlọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ kò sì ṣiṣẹ́. Ní ọdún 2005, òfin sọ ọ́ di dandan kí àwọn ilé-iṣẹ́ iná máa tẹ̀lé ìlànà tí a là sílẹ̀. Báyìí ni ọmọ ọlọ́dún mẹ́jọ yẹn ṣe rí èsì: "wọn" ní orúkọ, iṣẹ́ tí wọn kò ṣe sì ní orúkọ.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, àìsí iná kọ́ wa ní sùúrù, ó kọ́ wa ní òṣùká, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n sùúrù kò sọ pé kí á má bèèrè. Lọ́pọ̀ ìgbà ni iná gbogbo orílẹ̀-èdè wa kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ọdún 2024, a sì tún ní "wọ́n ti mú un lọ". Òfin iná ti ọdún 2023 ti fún àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti bójú tó iná tiwọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ka òfin náà, kí ẹ sì fi ọ̀wọ̀ bi àwọn tí a dìbò fún léèrè ibi tí iṣẹ́ dé.

Títí di ìgbà náà, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì síbi tí gbogbo ilé mọ̀. Ẹ má fi jẹnẹrétọ̀ sábẹ́ fèrèsé tàbí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn lójú oorun. Ẹ bá ọmọ yín ṣàdéhùn ibi tí yóò ti dúró dè yín. Kí ẹ sì mọ ẹni tó ń gbé lókè ilé yín. Ẹ máa kí i, bí kò tilẹ̀ dáhùn.