Ìrọ̀rí Mẹ́ta

Fún oṣù mélòó kan ni bàbá wa fi ń sùn ní ìjókòó, àwa ọmọ rẹ̀ sì rò pé ara àgbà ni. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, àwọn aládùúgbò wa ní Kétu ní ó ti tẹ ohun tí kò yẹ kí ó tẹ̀. Bí a ti ń wádìí ẹni tí ó ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni mímí ń nira fún un sí i. A gbé e lọ sí Kútọnu.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni dókítà ọkàn tí a bá níbẹ̀. Kò bèèrè ibi tí ó ń dun aláìsàn.

« Bàbá, ìrọ̀rí mélòó lẹ fi ń sùn? »

« Mẹ́ta ni tẹ́lẹ̀, ọmọ mi. Àga ni mo ń sùn lé báyìí. »

Ó mi orí. Ọkàn tí ó ti rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ènìyàn lè dùbúlẹ̀ gbalaja. Ó wọn tension rẹ̀: 18 lórí 11. Ó ṣàlàyé pé bí ó bá ti dé 14 lórí 9, tí kò sì wálẹ̀, ọkàn ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tí ń fa omi nínú kànga tí ó ń jìn sí i lójoojúmọ́. Ọkàn yóò kọ́kọ́ nípọn, lẹ́yìn náà agbára rẹ̀ yóò pin. Omi yóò sì máa dúró sínú ẹ̀dọ̀fóró àti ẹsẹ̀.

Nígbà náà ni a rántí. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, nọ́ọ̀sì kan ti sọ fún Bàbá pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ó lo oògùn fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí nǹkan kan kò dùn ún, ó pa á tì. Àwa náà gbà pé ara ti dá. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a. Bàbá ti padà sórí ibùsùn, ṣùgbọ́n kò lè lọ sí oko mọ́.

Kí a tó kúrò, dókítà ní kí àwa ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká apá aṣọ wa sókè. « Ti bàbá yín ti pẹ́, » ni ó wí. « Tiyín ni mo lè dá dúró. » Ti àwọn méjì nínú wa ju 15 lọ, nígbà tí a padà lọ wọ̀n ọ́n, bákan náà ni. Kò sì sí ibi tí ó ń dùn wá.

Ní ilé, Ìyá ń fi ṣíbí kékeré wọn iyọ̀, nítorí kò yẹ kí ẹnì kan jẹ ju gíráàmù 5 lọ lóòjọ́, ti cube inú ọbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ lọ wọn tiyín nígbà tí ara ṣì le. Ní àràárọ̀, Bàbá fúnra rẹ̀ ni ó ń ka oògùn lé wa lọ́wọ́, kì í sì í dìde títí a ó fi gbé e mì.