Lẹ́tà láti Trieste: Níbo ni Ìwúwo ti Wá?

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Trieste ni mo wà, ìlú etíkun ní Ítálì. Atẹ́gùn kan wà níbí tí wọ́n ń pè ní Bora. Láyé àtijọ́, okùn ni wọ́n ń ta sí ojú pópó kí àwọn èèyàn lè rí nǹkan dì mú bó bá ń jà.

ICTP, ibùdó ìwádìí físíìsì àgbáyé kan, ni ibi tí mo wá. Abdus Salam, ọmọ Pakistan, ló dá a sílẹ̀ ní 1964. Nígbà tó padà láti Cambridge lọ kọ́ni ní Lahore, kò rí ẹni tí wọ́n lè jọ sọ̀rọ̀ iṣẹ́, kò sì fẹ́ kí irú rẹ̀ ṣe àwọn onímọ̀ físíìsì ilẹ̀ bíi tiwa. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ yunifásítì wa ló ti gba ibí kọjá.

Ẹ bi mí lórí fóònù pé kí la wá ń wá nínú òfìfo. Kí n tó dáhùn, ẹ wo ọmọlanke tó ń kó ìrẹsì wá sí ṣọ́ọ̀bù yín ní Ìsọlọ̀. Bí àpò mẹ́wàá bá wà lórí rẹ̀, alábàárù á fi èjìká tì í, á làágùn kó tó ṣí nípò; bó bá sì ti ń yí, àtidá a dúró tún di iṣẹ́. Agídí yẹn, tí kì í fẹ́ gbéra, tí kì í sì í fẹ́ dúró, ni ìwúwo. Newton fi ṣe ìṣirò, kò sọ orísun rẹ̀.

Ìdáhùn tó wà lọ́wọ́ báyìí gba inú òfìfo kọjá. Bí a bá kó gbogbo ẹrù kúrò nínú yàrá kan, tí a fa afẹ́fẹ́ ibẹ̀ jáde, tí a lé ooru àti ìmọ́lẹ̀ lọ, agbára ṣì kù síbẹ̀. Hendrik Casimir ṣírò ní 1948 pé irin pẹlẹbẹ méjì tó súnmọ́ra gan-an nínú irú òfìfo bẹ́ẹ̀ á máa fa ara wọn. Steve Lamoreaux wọ̀n ọ́n ní Amẹ́ríkà ní 1997, ó sì rí bẹ́ẹ̀.

Ní 1964 kan náà, Peter Higgs, àti Robert Brout pẹ̀lú François Englert, fi hàn pé nǹkan kan lè kún inú òfìfo káàkiri, tí àwọn ẹyọ kéékèèké á ti ara rẹ̀ di oníwúwo. Salam lo èrò yìí nínú iṣẹ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel fún ní 1979. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 2012, CERN, ilé ìwádìí físíìsì ní Yúróòpù, kéde pé ọwọ́ ti tẹ ẹyọ tuntun kan tó bá ẹyọ Higgs, ẹ̀rí nǹkan náà, mu. Àwọn olùkọ́ a máa ní ẹyọ tó ń di oníwúwo dà bí gbajúmọ̀ tó sọ̀kalẹ̀ lábẹ́ bíríìjì Òṣòdì: èrò á bò ó, kò ní lè yára. N kò fi gbogbo ara gba àfiwé yẹn. Èrò a máa dá èèyàn dúró. Òfìfo kì í dá ohun tó ti ń lọ dúró, ìgbà tí a bá fẹ́ yí ìrìn rẹ̀ padà ni agídí dé.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé Higgs kọ́ ló ni púpọ̀ nínú ìwúwo ìrẹsì yín. Ẹyọ kéékèèké mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní quark ló wà nínú prótónì, ọ̀kan nínú àwọn ẹyọ tó para pọ̀ di ìrẹsì náà, àpapọ̀ ìwúwo wọn kò sì ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀ lọ. Agbára ìrìn wọn àti ti àwọn gluon tó so wọ́n pọ̀ ló ni ìyókù, bẹ́ẹ̀ gluon fúnra rẹ̀ kò wúwo rárá. Òfìfo ibẹ̀ sì ń ru gùdù, kì í jẹ́ kí quark kan dá jáde. Nínú àpò kílò 50, nǹkan bí ààbọ̀ kílò ni ti Higgs. Agbára tí a há mọ́lé, tí òun náà ní ìwúwo, ni gbogbo ìyókù. Ní 2008, àwọn onímọ̀ kan ní Yúróòpù fi kọ̀ǹpútà ńláńlá ṣírò ìwúwo prótónì lọ́nà yìí, ó sì bá òṣùwọ̀n mu.

Àwọn onímọ̀ físíìsì mẹ́ta, Haisch, Rueda àti Puthoff, tiẹ̀ kọ ọ́ ní 1994 pé òfìfo gan-an ló ń ti ọmọlanke padà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gbà á, èmi náà kò tíì rí ẹ̀rí tó tó.

Ẹ̀gbọ́n mi, àkọ́bí yín tó ń ka físíìsì ní Akoka, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "kí ni wọ́n ń fi í jẹ" dá a lẹ́kun. ICTP ní dípúlómà ọlọ́dún kan fún àwọn ọmọ ilẹ̀ bíi tiwa, wọn kì í gba owó ẹ̀kọ́, wọ́n sì ń fún wọn ní owó oúnjẹ. Ẹ ní kó lọ wá fọ́ọ̀mù rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Èmi ni,
Àbúrò yín.