Ọfà Ni Kẹ́ Ẹ Wò

Télọ̀ ni mí ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Abẹ́rẹ́ méjì ni mo mọ̀: ti maṣíìnì, àti ti ìnsúlíìnì tí mò ń gún lójoojúmọ́. N kò mọ̀ pé ẹ̀kẹta ń bọ̀, pé ọmọ tí mo rán aṣọ ìkómọ fún ni yóò sì di ọ̀gá mi.

Nọ́ọ̀sì ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yìí. Ó mú ẹ̀rọ pẹlẹbẹ funfun kan tó ń wọn ṣúgà wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó fi díẹ̀ fẹ̀ ju ìdérí ìgò lọ. “Dádì, ẹ ká apá aṣọ yín sókè.” Ó fi spírítì nu ẹ̀yìn apá mi òsì, ó ní ká jẹ́ kó gbẹ, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò ní mú. Ó tẹ̀ ẹ́: pà! Abẹ́rẹ́ wọlé, ó jáde, ó fi okùn tín-ín-rín kan sílẹ̀ lábẹ́ awọ. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá fóònù mi sọ̀rọ̀. Ọjọ́ 14 ló máa lò.

Nọ́ńbà ni mo kọ́kọ́ ń wò lórí fóònù, kì í ṣe ọfà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ń fi ibi tí ṣúgà ń lọ hàn. Bí mo bá rí 180, àyà mi á já. Bí mo bá rí 110, mo rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọfà ni kẹ́ ẹ wò, Dádì. 110 tí ọfà ẹ̀ dojú kọlẹ̀ léwu ju 180 tó dúró lójú kan.” Ohun tí àwọn dókítà ń fẹ́ fún ọ̀pọ̀ àgbà tó ní àtọ̀gbẹ ni pé kí ṣúgà wọn wà láàárín 70 sí 180 fún ìdá 70 nínú 100 àkókò wọn, ó kéré tán.

Lóru ọjọ́ kan, wọ́n ti múná lọ, fóònù pariwo: 58. Mo gbé ìgò móòtì, mo dà á sọ́fun. Ìyá Ṣadé tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú. “Bàbá Ṣadé, òógùn dà? Ẹ ò mà gbọ̀n.” Mo gún ìka: 131. Apá òsì ni mo sùn lé. Omi abẹ́ awọ ni okùn yẹn ń tọ́ wò, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ gan-an. Béèyàn bá tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀, nọ́ńbà á já lásán. Ó dà bí ẹni tó wọn oníbàárà lórí agbádá. Omi yẹn náà ló mú kó máa fi ìṣẹ́jú mélòó kan rìn lẹ́yìn ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ṣúgà bá ń sáré. Ilẹ̀ mọ́, móòtì ti gbé mi dé 270.

Ilẹ̀kùn dánfó ya ẹ̀rọ kejì kúrò lápá mi ní bọ́sítọ́ọ̀pù Ìjẹ̀ṣà lọ́jọ́ kẹta. Ẹ má bi mí léèló.

Ṣùgbọ́n mo rí olè mú. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń fẹ̀sùn kan ẹ̀bà alẹ́. Búrẹ́dì Agége àárọ̀ ni. Bí mo bá jẹ ẹ́ tí mo jókòó ti maṣíìnì, ọfà á dojú kọ òkè ṣánṣán. Bí mo bá kọ́kọ́ rìn lọ sápá Ìtirẹ, tí mo sì padà, á rọra tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lápá tèmi nìyẹn o. Apá yín lè sọ tirẹ̀.

Lọ́dún 2024, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Eversense 365, irú ẹ̀rọ yìí tí wọ́n ń rì sábẹ́ awọ fún odidi ọdún kan. Owó télọ̀ kò débẹ̀. Ọ̀kan nínú ti ọjọ́ 14 ni mò ń lò lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ṣáájú ọjọ́ dókítà, apá ọ̀tún sì ni mo fi ń sùn.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà á, ẹ má tíì fi ẹ̀rọ tí ẹ fi ń gún ìka tọrẹ.