Ìkòkò Tí Kì Í Kánjú

Àwọn àgbà wa ní onísùúrù ní í se òkúta jinná, tí í sì í mu omi ọbẹ̀ rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí ní Àjàṣẹ́, n kò sì kà á sí ju ọ̀rọ̀ ìtùnú lọ, èyí tí a fi ń tu ọmọdé nínú nígbà tí oúnjẹ bá pẹ́ lórí iná. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni ó wá kọ́ mi ní ìtumọ̀ rẹ̀, ní ìlú òkèèrè, lẹ́yìn tí mo ti kọjá ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ wa, pàápàá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, fi etí sí i.

Agbo ilé kan náà ni wọ́n bí ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n wọn sí, ọmú kan náà ni wọ́n sì mu. Ìyá mi ń bá bàbá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀gbọ́n wọn fẹ́ mùsùlùmí, wọ́n gba ẹ̀sìn ọkọ wọn, wọ́n lọ sí Mẹ́kà, gbogbo wa sì ń pè wọ́n ní Alájà. Nígbà tí ọkọ wọn kú, wọ́n padà sí ilé bàbá wọn. Irú ẹbí bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì ní Àjàṣẹ́, ìlú tí mọ́sáláṣí ńlá tí àwọn Àgùdà kọ́ ti fi ojú jọ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Bahia. Ààrò méjì ni ó wà ní àgbàlá wa. Ní apá kan, a ń se ẹlẹ́dẹ̀. Ní apá kejì, ìkòkò, ṣíbí tàbí omi tí ó kan ẹlẹ́dẹ̀ kì í dé ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kọ òfin náà sára ògiri, àwa ọmọdé mọ̀ ọ́n bí a ti mọ orúkọ ara wa.

Ìyá mi ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní ọgbà kékeré kan ní ọ̀nà Adjarra. Èèrí àgbàdo àti èèpo ẹ̀gẹ́ ni a fi ń bọ́ wọn. Ẹran tí wọ́n bá pa, wọn a sè é tà ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú piron, ìyẹn gaàrí tí a fi omi ẹran rò, tí orúkọ rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ àwọn Àgùdà wá láti Brazil. Bí oòrùn bá ti kúrò ní àtàrí ni wọn yóò ti gbé ìṣaasùn ka orí àdògán. Wọn yóò kọ́kọ́ fi iná ńlá yí ẹran náà lójú títí ara rẹ̀ yóò fi pọ́n. Lẹ́yìn náà, wọn yóò dín iná kù, wọn yóò da eérú díẹ̀ bo ẹyín iná, wọn yóò sì dé ìkòkò. Láti ìgbà náà títí di ìrọ̀lẹ́, ọmọ kan kò gbọdọ̀ ṣí ìdérí.

Mo jẹ́wọ́ pé ojú máa ń tì mí. Nílé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní ilé-ìwé, gáàsì ni wọ́n fi ń dáná, oúnjẹ sì ń jinná kí ọmọ tó bọ́ aṣọ ilé-ìwé tán. Mo rò pé òṣì ni ó ń mú kí ìyá mi se ẹran láti ọ̀sán di alẹ́. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé wọ́n ní ìdí.

Ní ọdún 1997, ibà ẹlẹ́dẹ̀ ti ilẹ̀ Áfíríkà, èyí tí èdè Faransé ń pè ní peste porcine africaine, wọ ilẹ̀ Benin. Àrùn náà kì í mú ènìyàn, ṣùgbọ́n bí ó bá wọ agbo ẹlẹ́dẹ̀, díẹ̀ ni í yè. Kò sí oògùn rẹ̀, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ nígbà náà. Ẹlẹ́dẹ̀ mọ́kànlá ni ìyá mi ní. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kò ku ẹyọ kan. A gbẹ́ kòtò, a sì sin wọ́n. Owó ilé-ìwé mi fún ọdún ìdánwò BEPC wà nínú kòtò náà. Ìyá mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Wọn kò sunkún, wọn kò sì sọ̀rọ̀.

Alájà, tí kì í tilẹ̀ fẹ́ dárúkọ ẹlẹ́dẹ̀, ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹní wá jókòó tì wọ́n. Wọ́n ní, “Àbúrò mi, n kò mọ bí a ti ń kí ẹni tí ẹlẹ́dẹ̀ kú fún, ṣùgbọ́n mo mọ bí a ti ń kí ẹni tí òwò rẹ̀ bàjẹ́.” Ní ọjọ́ kejì, wọ́n kó nínú aṣọ tí wọ́n ń tà, wọ́n tà á ní owó pọ́ọ́kú, wọ́n sì san owó ilé-ìwé mi pé. A kò sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ nílé wa, ṣùgbọ́n n kò gbàgbé rẹ̀.

Ìwé tí mo kà ni ó gbé mi dé ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé. Ní ọjọ́ kan, ní ọjà àlòkù, mo rí ohun tí wọ́n ń pè ní mijoteuse: ìkòkò amọ̀ dídán tí ó jókòó sínú agolo tí iná mànàmáná ń mú gbóná. Ènìyàn lè gbé oúnjẹ sínú rẹ̀ ní àárọ̀, kí ó lọ síbi iṣẹ́, kí ó sì bá oúnjẹ jíjinná nílé ní ìrọ̀lẹ́. Mo rà á tayọ̀tayọ̀. Mo lọ sí ọ̀dọ̀ alápatà, mo ra ẹran ẹlẹ́dẹ̀ eléegun tí ó wọ́n jù, tí ó sì pupa dáadáa láìsí ọ̀rá. Mo kó o sínú ìkòkò, mo bu omi bò ó, mo gbé e sí ipele iná tí ó ga, mo sì bá tèmi lọ. Nígbà tí mo dé ní ìrọ̀lẹ́, omi pọ̀, adùn kò sí, ẹran náà sì gbẹ bí èèpo igi.

Mo pe ìyá mi lórí fóònù.

“Apá ibo lára ẹran ni o rà?” ni ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè.

“Ẹ̀yìn ni, Màmá, níbi tí kò ti sí ọ̀rá. Òun ni ó wọ́n jù.”

“Ìdí nìyẹn. Ẹran tí kò ṣe iṣẹ́ kì í fẹ́ iná pípẹ́. Lọ ra ọrùn àti èjìká, níbi tí ẹlẹ́dẹ̀ fi ń túlẹ̀. Omi mélòó ni o bù sí i?”

“Ife mẹ́rin.”

“Ṣé o fẹ́ wẹ̀ fún un ni?”

Mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wádìí ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé, mo rí i pé ohun tí ìyá mi sọ ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ. Ẹran ẹ̀yìn, tí alápatà ilẹ̀ Faransé ń pè ní côte filet tàbí côte première, rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá pẹ́ lórí iná, omi ara rẹ̀ a jáde tán. Ẹran ọrùn àti èjìká, tí wọ́n ń pè ní échine, ní ọ̀rá, ó sì ní iṣan àti awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó so ó pọ̀. Collagen ni orúkọ ohun tí ó mú iṣan náà yi. Bí ooru rẹ̀ bá ti kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 70 ti Celsius, collagen náà a bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ díẹ̀díẹ̀, a sì di omi tí ó ń fà, irú èyí tí ó máa ń dì nínú ọbẹ̀ ẹsẹ̀ màlúù nígbà tí ó bá tutù. Iná ńlá kò lè mú un yára, wákàtí ni ó ń fẹ́. Eérú tí ìyá mi ń dà bo ẹyín iná, wákàtí ni ó ń fi pamọ́ síbẹ̀.

Bí mo ti ń sè é nísinsìnyí rèé. Mo ń ra ẹran ọrùn eléegun tí ó nípọn tó ìka méjì. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, mo ń fi iyọ̀, atalẹ̀, aáyù àti iyèré pa á lára. Ní àárọ̀, mo ń fi aṣọ mímọ́ nu omi ara rẹ̀, nítorí ẹran tí omi wà lára rẹ̀ kì í pọ́n nínú òróró. Mo ń dín in nínú páànù gbígbóná, bí ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ojú kọ̀ọ̀kan. Ìkòkò oníná yìí kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn, adùn ọbẹ̀ sì wà níbẹ̀. Mo ń tẹ́ àlùbọ́sà ńlá méjì sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, mo ń to ẹran lé e lórí, mo sì ń da tòmátì mẹ́ta tí mo lọ̀ pọ̀ mọ́ ata sí i. Ìdajì ife omi péré ni mo ń fi kún un, nítorí omi kì í lọ nínú ìkòkò náà. Omi ara ẹran pàápàá yóò fi kún un. Mo ń gbé e sí ipele tí ó kéré jù fún wákàtí mẹ́fà sí méje. Ní ìparí, mo ń fọ́n ọ̀rá tí ó léfòó kúrò, mo ń da omi ọbẹ̀ sínú páànù kí ó hó títí yóò fi ki, mo sì ń fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ro piron.

Ìkìlọ̀ méjì ni mo fi kún un. Èkíní, ẹ má ṣe kó ẹran tí ó ti dì bí òkúta sínú rẹ̀. Yóò pẹ́ kí ó tó gbóná, kòkòrò àìfojúrí yóò sì ráyè. Èkejì, ẹ má ṣe ṣí ìdérí. Bí ẹ bá ṣí i lẹ́ẹ̀kan, ó lè gba ìkòkò náà tó ogún ìṣẹ́jú kí ooru rẹ̀ tó padà bọ̀ sípò. Òfin àwọn ọmọdé ilé wa kúkú nìyẹn.

Mo tún kà nípa ẹni tí ó ṣe ìkòkò náà. Irving Naxon ni orúkọ rẹ̀, Júù ni, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1940 ni ó gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni ó sọ fún un nípa oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní cholent, tí wọ́n máa ń gbé lọ sínú ààrò oníbúrẹ́dì ní ìlú wọn ní Lithuania kí Ọjọ́ Ìsinmi tó wọlé, nítorí wọn kì í dá iná ní ọjọ́ náà. Ooru ààrò tí iná rẹ̀ ti ń kú lọ ni yóò se é di ọjọ́ kejì. Ní ọdún 1971, ilé iṣẹ́ mìíràn gbé ìkòkò náà jáde ní orúkọ Crock-Pot, ó sì di ìlú-mọ̀ọ́ká.

Ní oṣù Kejìlá kan, mo gbé ìkòkò mi lọ sí ilé. Mo ti gbọ́ pé eyín ìyá mi ti ń tán lẹ́nu. Wọn a jẹ àkàsà, wọn a jẹ piron, ṣùgbọ́n wọn a ti ẹran sí ẹ̀gbẹ́ àwo fún àwọn ọmọ-ọmọ wọn. Àwọn tí wọ́n fi ẹran tọ́ wa kò lè jẹ ẹran mọ́. Mo pinnu pé n óò se èyí tí kò ní béèrè eyín.

Mo gbé e kaná ní agogo mẹ́wàá. Ní agogo kan kọjá díẹ̀, iná mànàmáná lọ. Mo dúró ti ìkòkò náà, mo ń wo aago, nítorí oúnjẹ tí ó bá lọ́wọ́ọ́wọ́ ju wákàtí méjì lọ kò dára fún ẹnikẹ́ni, áńbọ̀sì arúgbó. Láti orí àga wọn, ìyá mi ní, “Da ẹran náà sínú ìṣaasùn. Kí ni o ń wò?” Ìkòkò inú ẹ̀rọ náà kì í gun orí iná, yóò fọ́. Mo da ẹran sínú ìṣaasùn, mo fi èédú sí àdògán. Ìyá mi fúnra wọn ni wọ́n da eérú bo ẹyín iná. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìwọ̀n eérú tí ó tó.

Ní agogo márùn-ún, ẹran ń fi ara rẹ̀ sílẹ̀ lára eegun. Ìyá mi jẹun, wọn kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí mo kó àwo wọn, eegun mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀, ó mọ́ féfé.

Ní òdìkejì àgbàlá, Alájà ń jẹ àkàsà àti ẹja wọn. Mo sọ ìtàn ìkòkò náà fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ ni ó ṣe ìkòkò, ẹ̀yin sì fi ń se ẹlẹ́dẹ̀!” Lẹ́yìn náà, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Ṣé ó lè se ẹran àgùntàn?”

“Ó lè sè é, Alájà. Ṣùgbọ́n eléyìí ti di ti ẹlẹ́dẹ̀.”

“Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi béèrè nìyẹn.”

Eyín tiwọn náà ti ń tán, n kò sì kíyè sí i.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, mo gbé ìkòkò tuntun kan dé, tí páálí rẹ̀ ṣì wà ní dídì. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n tú u. Ìkòkò náà kò san gbèsè ọdún 1997, n kò sì rò pé ohun kan wà tí ó lè san án. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Iléyá, Alájà jẹ ẹran àgùntàn ọdún wọn, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti ń pín gbogbo rẹ̀ fún ará àdúgbò.

Ìkòkò méjì ni ó wà nílé wa báyìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní apá tirẹ̀, àdògán sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan nítorí iná tí ń lọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ìyá yín bá ń pẹ́ lórí oúnjẹ, ẹ má ṣe bi wọ́n léèrè ìgbà tí yóò jinná. Ẹ bi wọ́n léèrè ìdí tí ó fi ń pẹ́, nígbà tí ẹnu ṣì wà láti fi dáhùn.