Ẹkùn Inú Oríkì, Ẹja Inú Àpò

Nígbà tí igbó ṣì ṣú láti Pobè dé Sakété ní Benin, ẹkùn ló ni òru. Ọdẹ tó bá pa ògídán kì í sọ awọ rẹ̀ di tara rẹ̀. Ọba ló ni ín. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, tí a bá gba Àjàṣẹ́ kọjá dé ọ̀sà àti òkun, alágbára mìíràn wà nínú omi: ẹja kan tí imú rẹ̀ gùn bí ayùn, tí eyín tò sí i lọ́tùn-ún lósì.

Ìdílé àwọn ẹja pẹlẹbẹ tí ẹnu wọn wà lábẹ́ ara ni ẹja aláyùn yìí ti wá. Ó lè gùn ju mítà 6 lọ. Ẹkùn, tòun ti ìrù rẹ̀, ṣọ̀wọ́n kó tó 3. Ojú àti etí ni ẹkùn fi ń dọdẹ lóru. Ayùn ni ẹja ní tirẹ̀ fi ń dọdẹ nínú omi tó dàrú: òun ló fi ń mọ ibi tí ohun ẹlẹ́mìí wà, òun náà ló fi ń ṣá a. Síbẹ̀, àwọn méjèèjì ń bímọ láàyè, ọmọ wọn kì í sì í pọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi rí ara gbà nígbà tí ọwọ́ ènìyàn le mọ́ wọn.

Ọ̀pẹ, àgbàdo àti igi ìdáná gba ilẹ̀ mọ́ ẹkùn lọ́wọ́. Ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pobè láti ọdún 1922. Igbó àtijọ́ díẹ̀ ṣẹ́kù níbẹ̀. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ lónìí á rí igi ńláńlá, ṣùgbọ́n kò ní bẹ̀rù ẹkùn. Apá àríwá, ní ọgbà ẹranko Pendjari àti ọgbà ẹranko W, ló kù sí ní Benin. Ní ti ẹja aláyùn, àwọ̀n náílọ́ọ̀nù ló kó o: eyín rẹ̀ á há, kò ní lè já; àwọn oníṣòwò sì ń wá lẹbẹ rẹ̀. Láti Sẹ̀nẹ̀gà dé Àǹgólà ló ti ń gbé rí; ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá tán báyìí.

Ẹkùn kù sẹ́nu wa: a ṣì ń ki akin ní ọmọ ẹkùn. Ẹja aláyùn kù sọ́wọ́ wa: àwòrán rẹ̀ ló wà lára owó onírin sẹ́fà. Ara òṣùwọ̀n wúrà àwọn Akan ni báńkì àgbà Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti yá a. Ẹlẹ́kọ ọjà Pobè ń fi í san ṣéńjì láti àárọ̀ dalẹ́. Ọmọ Sakété mọ ẹkùn láìrí i. Ó ń rí ẹja yìí lójoojúmọ́ láìmọ̀ ọ́n.

Ó ń dùn mí. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi owó 100 sẹ́fà lé ọmọ lọ́wọ́, kí ẹ sì sọ ìtàn ẹja náà fún un. Ẹ̀yin ará Pobè, igbó yín ni ìwọ̀nba ilé tí ẹkùn fi sílẹ̀. Ẹkùn ti lọ. Ẹ má jẹ́ kí igbó náà tẹ̀lé e.